Táyà Ọkọ̀ Tí Kì Í Sábà Jáde: Ìgbà Tó Yẹ Kí Wọ́n Pààrọ̀ Rẹ̀

Táyà ọkọ̀ tó ń sùn nínú ọgbà ń gbó bí èyí tó ń rìn ṣe ń gbó, àmọ́ ohun tó ń jẹ wọ́n yàtọ̀ síra. Èyí tó ń rìn lójoojúmọ́, títì ló ń jẹ ẹ́: àwọn ìlà tí wọ́n gbẹ́ sójú rẹ̀ á máa pa rẹ́, ojú rẹ̀ á máa dán, ẹnikẹ́ni tó bá sì wò ó á mọ̀ pé ó ti tán. Èyí tí kì í rìn, ooru, oòrùn àti afẹ́fẹ́ ló ń jẹ ẹ́, inú ni wọ́n sì ti sábà máa ń bẹ̀rẹ̀. Ìlà ojú rẹ̀ lè jìn bíi ti tuntun fún ọdún mẹ́wàá. Nítorí náà, ẹni tó ní ọkọ̀ tí kì í gbé jáde ju ọjọ́ ọdún, ọjọ́ ìgbéyàwó tàbí ọjọ́ ìsinmi kan lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan lọ, ọjọ́ orí táyà ló yẹ kó máa kà. Iye kìlómítà tí ọkọ̀ náà ti rìn ò lè sọ òótọ́ fún un.

Ní Ungwan Shanu, ní ìhà àríwá ìlú Kaduna, lójú ọ̀nà Ali Akilu tó lọ sí Kawo, ọ̀rọ̀ yìí kan ọ̀pọ̀ agboolé, nítorí pé Kaduna ni ilé Peugeot ní Nàìjíríà. Ní 1972 ni ìjọba àpapọ̀ bá ilé iṣẹ́ Peugeot ti ilẹ̀ Faransé ṣe àdéhùn, nígbà tó sì di oṣù kẹta 1975, ilé iṣẹ́ Peugeot Automobile Nigeria, tí gbogbo ènìyàn ń pè ní PAN, bẹ̀rẹ̀ sí í to ọkọ̀ ní Kakuri, ní gúúsù ìlú náà. Peugeot 504 di ọkọ̀ àwọn olùkọ́, dókítà, ọ̀gá ilé iṣẹ́ ìjọba àti àwọn ológun. 505 tẹ̀lé e. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó ra ọkọ̀ wọ̀nyí ti fẹ̀yìn tì. Àwọn mìíràn ti kú, àwọn ọmọ wọn ò sì fẹ́ ta ọkọ̀ bàbá wọn. Ọkọ̀ náà wà lábẹ́ igi dongoyaro nínú ọgbà, tápólì bò ó, wọ́n ń ṣáná sí i kí bátìrì má baà kú, ẹ́ńjìnnì rẹ̀ dùn ún gbọ́, àga rẹ̀ mọ́ tónítóní. Gbogbo ìtọ́jú yẹn dára, ó sì yẹ ní yíyìn. Ibi tí ó ti máa ń kù díẹ̀ káàtó ni ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tí ọkọ̀ fi ń dúró.

Kì í ṣe rọ́bà nìkan ni wọ́n fi ń ṣe táyà. Rọ́bà tí wọ́n dá lára igi àti èyí tí wọ́n ṣe nílé iṣẹ́ ni wọ́n pò mọ́ èédú lẹ́búlẹ́bú, ìyẹn ló sọ ọ́ di dúdú tó sì fún un lágbára. Wọ́n fi imí-ọjọ́, òróró àti oríṣiríṣi kẹ́míkà sí i. Lábẹ́ ojú tó ń tẹ títì ni bẹ́líìtì onírin wà, ìpele wáyà tẹ́ẹ́rẹ́tẹ́ẹ́rẹ́ méjì tó gorí ara wọn, rọ́bà ló sì so wọ́n pọ̀. Ibi ìsopọ̀ yìí ni ẹ̀mí táyà wà. Atẹ́gùn tí wọ́n fẹ́ sínú táyà ń gba inú rọ́bà jáde díẹ̀díẹ̀ láìsí ihò kankan, bó sì ṣe ń kọjá ni ọ́síjìn inú rẹ̀ ń sọ rọ́bà di líle. Rọ́bà tí wọ́n fi ń di owó, tó ti pẹ́ nínú dúrọ́ọ̀, ń fi irú ohun kan náà hàn: kò sẹ́ni tó lò ó, síbẹ̀ bí wọ́n bá nà án báyìí, á já. Bí rọ́bà tó so àwọn ìpele irin pọ̀ bá ti gan bẹ́ẹ̀, títì olóoru àti eré ni yóò fi í hàn. Ojú táyà á bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí kúrò lára bẹ́líìtì, á sì lè ya dànù lójijì.

Àwọn tó ń ṣe táyà mọ̀ pé bẹ́ẹ̀ ló máa rí, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń po ìda kan àti kẹ́míkà tí wọ́n ń pè ní 6PPD mọ́ rọ́bà. Iṣẹ́ àwọn méjèèjì ni kí wọ́n máa jáde sí ara rọ́bà, kí wọ́n sì dáàbò bò ó lọ́wọ́ ósóònù inú afẹ́fẹ́, èyí tó máa ń la rọ́bà wẹ́wẹ́. Ìgbà tí táyà bá ń yí, tó ń tẹ̀, tó sì ń nà ni wọ́n ń jáde dáadáa. Èyí tó dúró sójú kan fún oṣù mẹ́ta tàbí mẹ́rin ò rí ààbò yẹn gbà tó bó ṣe yẹ. Ìsinmi tí onímọ́tò rò pé òun fún táyà, ìyà ló jẹ́ fún un.

Ooru ló ń mú gbogbo rẹ̀ yá. Àwọn onímọ̀ kẹ́míkà ń fojú díwọ̀n rẹ̀ pé bí ooru bá fi ìwọ̀n 10 lé sí i lórí Celsius, irú ìyípadà báyìí á yá tó ìlọ́po méjì. Ní Kaduna, ooru ọ̀sán máa ń kọjá ìwọ̀n 35 ní oṣù kẹta àti oṣù kẹrin, táyà dúdú tí oòrùn ń pa ní tààrà sì máa ń gbóná ju afẹ́fẹ́ àyíká rẹ̀ lọ dáadáa. Lára ọkọ̀ tó ti pẹ́ lójú kan, kì í ṣòro láti rí i: táyà méjì tó kọjú sí ìwọ̀-oòrùn á ti sán, nígbà tí méjì tó wà lápá òjìji ṣì ń dán. Ọjọ́ kan náà ni wọ́n ra mẹ́rẹ̀ẹ̀rin.

Ní Amẹ́ríkà, NHTSA, àjọ ìjọba tó ń rí sí ààbò ojú pópó, yẹ àkọsílẹ̀ ilé iṣẹ́ adójútòfò ńlá kan wò láti 2002 sí 2006. Ìpínlẹ̀ 5 tó móoru, ìyẹn Texas, California, Louisiana, Florida àti Arizona, ló ní 27 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn oníbàárà ilé iṣẹ́ náà. Àmọ́ láti ìpínlẹ̀ márùn-ún yìí ni 77 nínú ọgọ́rùn-ún ìbéèrè owó adójútòfò lórí táyà ti wá, 84 nínú ọgọ́rùn-ún wọn ló sì jẹ́ ti táyà tó ti lé ní ọdún 6. Ẹni tó ń gbé Kaduna ò gbọ́dọ̀ fojú fo iye yìí, nítorí ooru tó ń bẹ níbẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ sí ti ìpínlẹ̀ wọ̀nyẹn.

Jàǹbá méjì tí wọ́n ṣèwádìí rẹ̀ kínníkínní fi hàn pé ọ̀tọ̀ ni ìlà tó jìn, ọ̀tọ̀ ni táyà tó ní okun. Ní oṣù kẹsàn-án 2012, bọ́ọ̀sì ńlá kan tó ń kó èrò bọ̀ láti ibi àjọ̀dún orin Bestival ní erékùṣù Wight já kúrò lójú ọ̀nà ní Hindhead, ní Surrey, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, nígbà tí táyà iwájú rẹ̀ kan bẹ́. Ó kọlu igi, ènìyàn 3 sì kú. Táyà náà ti lé ní ọdún 19, bẹ́ẹ̀ ìlà ojú rẹ̀ ṣì jìn tó ohun tí òfin béèrè. Ọkọ̀ náà ì bá gba àyẹ̀wò kọjá láìsí wàhálà, nítorí òfin ìgbà náà ò béèrè ọjọ́ orí táyà rárá. Frances Molloy, ìyá Michael, ọmọ ọdún 18 tó kú nínú bọ́ọ̀sì náà, ò jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà tutù. Ó ń lọ bá àwọn aṣòfin láti ọdún dé ọdún, títí wọ́n fi ṣe òfin tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ 1 oṣù kejì 2021: ní England, Scotland àti Wales, táyà tó bá ti lé ní ọdún 10 ò gbọ́dọ̀ sí níwájú lọ́rì tàbí bọ́ọ̀sì mọ́.

Èkejì jẹ́ ti ọkọ̀ fàájì gan-an. Ní ọjọ́ 30 oṣù kọkànlá 2013, Porsche Carrera GT kan tó jẹ́ ti ọdún 2005 lọ kọlu òpó iná àti igi ní Santa Clarita, ní California. Òṣèré fíìmù Paul Walker àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó wa ọkọ̀ náà kú. Àwọn ọlọ́pàá sọ pé eré àsápajúdé ló fà á. Wọ́n tún kọ ọ́ sínú ìròyìn wọn pé táyà ọkọ̀ náà ti lé ní ọdún 9, àti pé èyí lè ti dín bó ṣe ń di títì mú kù. Ọkọ̀ olówó iyebíye tí wọ́n ń tọ́jú bí ẹyin, táyà tó ti lé ní ọdún 9 ló wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀.

Ọjọ́ orí táyà wà lára rẹ̀, kò sídìí láti bi ẹni tó tà á. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ táyà ni lẹ́tà mẹ́ta kan wà, DOT, tí àwọn lẹ́tà àti nọ́ńbà mìíràn tẹ̀ lé. Nọ́ńbà mẹ́rin tó gbẹ̀yìn, tí wọ́n sábà máa ń fi ìlà ṣe ọgbà yí ká, ni wọ́n ń wá. Méjì àkọ́kọ́ ni ọ̀sẹ̀, méjì tó kù ni ọdún. Bí ó bá jẹ́ 2319, ọ̀sẹ̀ kẹtàlélógún ọdún 2019 ni wọ́n ṣe táyà náà. Bí nọ́ńbà bá jẹ́ mẹ́ta péré, wọ́n ti ṣe táyà náà ṣáájú 2000, kí wọ́n yọ ọ́ lọ́jọ́ náà gan-an. Ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo ni nọ́ńbà yìí sábà máa ń pé sí. Bí fọ́kanáísà bá ti kọ ẹ̀gbẹ́ náà sí inú, a jẹ́ pé ẹni tó fẹ́ kà á á dùbúlẹ̀ sábẹ́ ọkọ̀ pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì, á sì fi aṣọ tútù nu eruku kúrò kó tó lè rí i. Mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló yẹ kó kà, nítorí ó wọ́pọ̀ kí ọjọ́ orí wọn má dọ́gba.

Ọdún mélòó ni táyà wá gbọ́dọ̀ lò? Èsì ò jẹ́ ọ̀kan. Ní Nàìjíríà, SON, àjọ tó ń rí sí ojúlówó ọjà, fi òpin táyà sí ọdún 4 láti ìgbà tí wọ́n ti ṣe é, FRSC, àjọ ẹ̀ṣọ́ ojú pópó, sì ń tẹ ìyẹn mọ́ àwọn awakọ̀ létí. Àwọn tó ń ṣe ọkọ̀, irú bíi Ford àti Mercedes-Benz, ní kí wọ́n pààrọ̀ rẹ̀ lẹ́yìn ọdún 6, bó ti wù kí ìlà ojú rẹ̀ jìn tó. Michelin, tó ń ṣe táyà, ní kí àwọn tó mọṣẹ́ máa yẹ̀ ẹ́ wò lọ́dọọdún bó bá ti lo ọdún 5, kí ó má sì kọjá ọdún 10 láé. Àwọn iye yìí ò ta ko ara wọn tó bí ó ṣe jọ. Ọdún 10 ni ògiri tí ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ kọjá, kódà níbi tí òtútù ń mú. Ọdún 6 ni ti ẹni tó ń ṣọ́ra. Ọdún 4 ni òfin ilẹ̀ tó móoru, tí ẹrù ń pọ̀ lórí ọkọ̀, tí kòtò sì wà lójú ọ̀nà.

Fún ọkọ̀ àfipamọ́ ní Kaduna, ibi tí ọkọ̀ ń lọ ló yẹ kó pinnu bí wọ́n ṣe máa le mọ́ ọn tó. Ẹni tó máa ń gbé e wọ títì márosẹ̀ lọ sí Zaria tàbí Abuja, níbi tí òfin ti gba ọkọ̀ kékeré láyè láti sá 100 kìlómítà ní wákàtí kan, ọdún 4 ni kó fi ṣe òpin láìsí àwáwí. Lórí eré bẹ́ẹ̀, pẹ̀lú ìdílé nínú ọkọ̀ àti ẹrù ní bùútù, ni bẹ́líìtì tó ti gan máa ń tú. Ọkọ̀ tí kì í kọjá láti Ungwan Shanu dé Kawo, ewu tirẹ̀ kéré nítorí eré rẹ̀ kéré, àmọ́ òfin ò yọ ọ́ sílẹ̀, àti pé bí ó bá ti di ọdún 6, àríyànjiyàn ti tán. Ó sì yẹ kí wọ́n rántí pé ọkọ̀ tí kì í jáde nílé lè ní ìrìn àjò lójijì. Ọjọ́ ìsìnkú tàbí ọjọ́ àìsàn kì í dúró de ẹni tó ń lọ ra táyà.

Kí ọdún tó pé pàápàá, àwọn àmì kan wà tó ń sọ pé táyà ti lọ. Kí wọ́n fi jáàkì gbé ọkọ̀ sókè, kí wọ́n fi ọwọ́ yí táyà díẹ̀díẹ̀ nínú ìmọ́lẹ̀. Bí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ bá ti sán wẹ́wẹ́ bí ilẹ̀ ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, tí èékánná sì lè wọ inú ibi tó sán, kó kúrò. Bákan náà ni ìsàlẹ̀ àwọn ìlà ojú rẹ̀. Ibẹ̀ ni sísán máa ń fara pamọ́ sí, nítorí eruku ló kún un. Wíwú kan péré, bó ti wù kó kéré tó, fi hàn pé ohun kan ti já nínú, kò sì sí àtúnṣe fún un. Rọ́bà tó ti le bí igi, tí èékánná ò lè tẹ̀ wọlé rárá, á yọ̀ lórí omi: òjò àkọ́rọ̀ lórí títì Kaduna tí eruku ọyẹ́ bò kì í ṣe ibi tó yẹ kí wọ́n ti mọ̀. Bí ọkọ̀ bá pẹ́ lójú kan, apá táyà tó tẹ ilẹ̀ máa ń pẹlẹbẹ, ọkọ̀ á sì máa gbọ̀n nígbà tó bá kọ́kọ́ gbéra. Bí gbígbọ̀n náà bá lọ lẹ́yìn tí táyà ti gbóná, kò burú. Bí kò bá lọ lẹ́yìn nǹkan bí 20 kìlómítà, bóyá pípẹlẹbẹ náà ti di bárakú tàbí bẹ́líìtì ti ń ṣí. Èyíkéyìí tó bá jẹ́, ilé fọ́kanáísà ló kàn.

Ohun kan wà tó ń ba àyẹ̀wò yìí jẹ́. Àwọn tó ń fọ ọkọ̀ máa ń fi dísù, òróró ẹ́ńjìnnì tó ti jó tàbí oògùn amú-táyà-dán pa ẹ̀gbẹ́ táyà kó lè dúdú. Òróró dísù àti ti ẹ́ńjìnnì ń wọ inú rọ́bà, wọ́n ń sọ ọ́ di rírọ̀, wọ́n sì ń fa àwọn kẹ́míkà tó ń dáàbò bò ó jáde. Èyí tó tún burú jù ni pé wọ́n ń bo ibi tó sán mọ́lẹ̀. Omi àti ọṣẹ ti tó.

Ọ̀rọ̀ ríra táyà tuntun gba ìfarabalẹ̀ tó yàtọ̀ sí ti àtijọ́. Michelin ti ilé iṣẹ́ rẹ̀ ní Port Harcourt ní 2007, Dunlop tó wà ní Ìkẹjà sì dáwọ́ táyà ṣíṣe dúró láìpẹ́ lẹ́yìn ìyẹn. Láti ìgbà náà, òkè òkun ni táyà ti ń wá. Ó ń lo oṣù lórí omi, ó ń lo oṣù mìíràn ní ilé ìkẹ́rù-sí, ó sì lè lo ọdún ní ṣọ́ọ̀bù, pàápàá èyí tí ìwọ̀n rẹ̀ ò tà mọ́. Táyà rímù 14 tí Peugeot 504 ń lò ti ń dín lọ́jà, ohun tó bá sì dín lọ́jà máa ń pẹ́ lórí pẹpẹ. Táyà tí ọ̀rá ṣì wà lára rẹ̀ lè ti lo ọdún 3. Kí ẹni tó fẹ́ rà á ka DOT rẹ̀ kí ó tó mú owó jáde. Èyí tó bá ti lé ní ọdún 1, kó béèrè òmíràn.

Ti táyà tokunbo, ìjọba Nàìjíríà ti fòfin de kíkó o wọlé. Àwọn táyà ńlá lọ́rì tí wọ́n fẹ́ fi rọ́bà tuntun bò lójú nìkan ni wọ́n yọ sílẹ̀. Síbẹ̀ ó pọ̀ lọ́jà, owó rẹ̀ sì kéré. Fún ọkọ̀ tó ń rìn lójoojúmọ́, ó burú. Fún ọkọ̀ àfipamọ́, kò ní ìtumọ̀ kankan, nítorí pé ìlà ojú táyà nìkan ni tokunbo ń tà fún ènìyàn, ìyẹn gan-an sì ni ohun tí ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ ò ní lò tán. Ọdún tó ṣẹ́ kù níwájú táyà ló nílò, òun sì ni tokunbo ò ní.

Bí agbára ò bá gbé mẹ́rin lẹ́ẹ̀kan náà, méjì ni kí wọ́n kọ́kọ́ rà, kí wọ́n sì dè wọ́n sẹ́yìn, kí ìdí ọkọ̀ má baà máa yọ̀ lọ́jọ́ òjò. Táyà oríṣi ògbólógbòó tí kò ní bẹ́líìtì onírin, tí àwọn ọkọ̀ Volkswagen Beetle kan ṣì ń lò, ò gbọ́dọ̀ bá èyí tó ní bẹ́líìtì pàdé lórí áàsù kan náà. Fáàfù tí wọ́n ń gbà fẹ́ ẹ, rọ́bà ni òun náà. Ìgbàkígbà tí wọ́n bá pààrọ̀ táyà ni kí wọ́n pààrọ̀ rẹ̀, túúbù pẹ̀lú bí táyà bá jẹ́ onítúúbù.

Lẹ́yìn tí tuntun bá ti wọlé, ìtọ́jú lè mú kó pé ọdún rẹ̀ láìsí àìsàn, bí kò tilẹ̀ lè fi ọdún kún un. Gééjì kékeré kan tó ṣeé fi sápò, tí wọ́n fi ń wọn atẹ́gùn táyà, ló ṣe pàtàkì jù. Táyà máa ń pàdánù nǹkan bí 1 psi lóṣù láìsí pọ́ńkítà, òtútù ọyẹ́ tún ń fa òmíràn: 1 psi fún ìwọ̀n 5 tàbí 6 tí ooru bá fi lọ sílẹ̀. Ọkọ̀ tó wà lábẹ́ tápólì láti oṣù kẹwàá títí di oṣù kìíní lè ti dé ibi tí ẹ̀gbẹ́ táyà ti ń wó, bẹ́ẹ̀ ojú lásán ò ní rí i. Kí wọ́n máa wọn atẹ́gùn rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan lóṣù, nígbà tí táyà tutù, kí wọ́n sì gbé ọkọ̀ náà jáde títí táyà á fi gbóná. Títì í síwájú díẹ̀ nínú ọgbà ò tó. Èyí tó máa dúró ju oṣù mẹ́ta lọ, kí wọ́n gbé e lé orí àtìlẹ́yìn onírin. Òjìji ògiri dára ju oòrùn lọ, kí ọkọ̀ sì jìnnà sí ibi tí ẹ̀rọ wẹ́dà ti ń tan iná, nítorí iná bẹ́ẹ̀ ń dá ósóònù sílẹ̀.

Sípéà ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń gbàgbé. Lára Peugeot 504, abẹ́ bùútù níta ni ó rọ̀ sí, níbi tí eruku, omi àti ooru ti ń bá a. Ó lè jẹ́ èyí tó bá ọkọ̀ wá láti ọ̀dọ̀ ẹni tó kọ́kọ́ ni ín. Kò tíì tẹ títì rí, ìlà rẹ̀ jìn, ó sì dàgbà ju àwọn mẹ́rin tó kù lọ. Ọjọ́ tí òmíràn bá bẹ́ lọ́nà Zaria ni wọ́n á dè é. Kí wọ́n ka nọ́ńbà tirẹ̀ mọ́ ti àwọn yòókù, kí wọ́n sì pààrọ̀ rẹ̀ pẹ̀lú wọn.

Èyí tí wọ́n yọ, kò yẹ kí wọ́n fi í sílẹ̀ lódindi fún fọ́kanáísà, nítorí ìlà rẹ̀ tó ṣì jìn á mú kí ẹlòmíràn rà á fún ọkọ̀ akérò. Kí wọ́n fi ọ̀bẹ la ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ níwájú ẹni tó ni ín. Àwọn tó ń fi táyà gé bàtà lè lò ó bẹ́ẹ̀, túúbù rẹ̀ sì wúlò fún àwọn tó ń fi rọ́bà rán gúgà tí wọ́n fi ń fa omi kànga. Sísun ún ni kí wọ́n yẹra fún, nítorí èéfín rẹ̀ ní májèlé.